Ọ̀fun Mímọ́

Láràárọ̀ Mọ́ńdè, kí ọmọ mi tó wọ bàtà ilé ìwé, màá ní kó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, kó la ẹnu gbàgà. Màá ti igi olówùú bọ̀ ọ́ lọ́fun, màá yí i lẹ́ẹ̀mẹta, màá kì í bọ inú ìgò tín-ín-rín tó ní omi nínú, màá sì dé e pa. Kò ju iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan lọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Tíṣà là ń pè é nílé, torí kò sí ẹni tí kì í tọ́ sọ́nà, títí kan bàbá tó bí i. Tó bá pa ẹnu dé tán, á ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo yí i dáadáa, pé tòní ti yá jù.

Láàbù ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwa méjì la jọ ń lo tábìlì kan, èmi àti Ìyá Ìbejì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni dókítà àgbà ti gbé iṣẹ́ ìwádìí kan lé wa lọ́wọ́: ọmọ yòówù tó bá wọlé pẹ̀lú ikọ́, tàbí tí èémí rẹ̀ kò bá já gaara, ká yẹ ọ̀fun rẹ̀ wò bóyá kòkòrò kan tó ń jẹ́ maikopilásímà ló wà níbẹ̀. Àwa ní láàbù kì í pè é bẹ́ẹ̀. Aláìlẹ́wù là ń pè é. Àwọn kòkòrò yòókù ní ẹ̀wù líle tí wọ́n wọ̀ sára, ẹ̀wù yẹn sì ni oògùn pínkì tí gbogbo ìyá mọ̀ máa ń fà ya mọ́ wọn lára tí wọ́n á fi kú. Eléyìí kò wọ nǹkan kan. Ọmọ lè mu ìgò oògùn pínkì mẹ́ta tán kí Aláìlẹ́wù máa wò ó níran. Nígbà tí mo ṣàlàyé rẹ̀ fún ọkọ mi, tó jẹ́ télọ̀, ó ní kòkòrò burúkú gbáà ni, kí ni télọ̀ fẹ́ rí jẹ lára ẹni tí kò wọṣọ.

Kì í kánjú. Ìyẹn la kọ́kọ́ rí kọ́ nínú ìwé ńlá tí a ń kọ orúkọ àwọn ọmọ sí. Kò fi bẹ́ẹ̀ ya ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ọwọ́. Àwọn tó ti dàgbà tó ilé ìwé, tí wọ́n ń jókòó mẹ́ta mẹ́ta sórí bẹ́ǹṣì kan, ló fẹ́ràn. Á mú ẹ̀gbọ́n lónìí, ẹ ó ti gbàgbé, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta á wá mú àbúrò. Ọmọ lè gbé e sọ́fun kó máa fò kiri kí ikọ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Kí dókítà lè rí ibi tó ń gbà rìn, mo ya gbogbo ìlú sórí ìwé fífẹ̀ kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri láàbù. Ọmọ tí a bá ti rí i lára rẹ̀, màá fi bírò pupa tọ́ àmì kan sí apá ibi tí ilé wọn wà. Èmi nìkan ló ń tọ́ ọ, mi ò jẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kan bírò yẹn.

Ẹ̀rọ wa máa ń gba ọmọ méjìlá lẹ́ẹ̀kan, á sì fa ìlà kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lójú rẹ̀: ìlà ọmọ tí kòkòrò náà bá wà lọ́fun rẹ̀ á gbéra sókè, ti ẹni tí kò bá ní in á sùn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ fi ẹnì kẹtàlá sí i, ọ̀fun tó dá wa lójú pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ọ̀fun mímọ́ là ń pè é. Bí ìlà ọ̀fun mímọ́ bá lọ gbéra sókè lójú ẹ̀rọ, á jẹ́ pé ìdọ̀tí ti ta sínú iṣẹ́ nìyẹn, gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́: a óò dà á nù, a óò fọ tábìlì, a óò sì ní kí àwọn ìyá méjèèjìlá tún gbé ọmọ wọn wá. Ìwé tó bá ẹ̀rọ wá ní a lè lo omi lásán. Àwa ní ọ̀fun èèyàn dáa ju omi lọ. Àwọn ọmọ Ìyá Ìbejì kò gbà kí igi kankan wọ àwọn lẹ́nu, ọ̀kan tiẹ̀ ti gé ìyá rẹ̀ níka jẹ. Bí ọ̀fun Tíṣà ṣe di ọ̀fun mímọ́ ilé iṣẹ́ wa nìyẹn. Ó lé ní ogún ọ̀sẹ̀, ìlà rẹ̀ kò gbéra nílẹ̀ rí. Mo máa ń fi yangàn. Màá wò ó lójú ẹ̀rọ níbi tó sùn gbọọrọ sí, inú mi á dùn bí ìgbà tí wọ́n bá yìn ín nílé ìwé.

Ní Mọ́ńdè kan, ìlà náà dìde.

Kò dìde kíákíá bíi ti ọmọ tó ń ṣàìsàn. Ìgbà tí ẹ̀rọ fẹ́ parí iṣẹ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbórí sókè díẹ̀díẹ̀. Mẹ́rin nínú àwọn méjìlá náà sì dìde bẹ́ẹ̀, jẹ́jẹ́, lẹ́yìn àkókò. Mo bínú. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé èmi àti ìdọ̀tí kì í ṣọ̀rẹ́. Nílé, mo máa ń fọ ọṣẹ kí n tó fi ọṣẹ fọwọ́. Mo ní ìdọ̀tí ni. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, Ìyá Ìbejì ni mo rí. Mo ní ó di ọwọ́ fíríísà mú, kò sì pààrọ̀ ìbọ̀wọ́. Ó ní òun pààrọ̀ rẹ̀. Mo ní kò pààrọ̀ rẹ̀. Ó fi àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì búra, mo sì kọ̀ jálẹ̀, mo lọ fẹjọ́ rẹ̀ sun àwọn ọ̀gá láàbù pé kì í pààrọ̀ ìbọ̀wọ́. Wọ́n ní kó kọ́kọ́ lọ máa fọ ìgò ní yàrá ẹ̀yìn ná. Ó kó ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ sọ́wọ́, ó jáde, kò wẹ̀yìn.

Ohun tó yẹ kí n ṣe lẹ́yìn ìyẹn, mo mọ̀ ọ́n. Ó yẹ kí n pe ìyá méjìlá. Ṣùgbọ́n èròjà tó kù fún ẹ̀rọ kò lè ṣe ju ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ, dókítà sì ń retí èsì. Mo bu ìyókù inú àwọn ìgò ọmọ méjìlá náà, mo fi omi lásán ṣe ọ̀fun mímọ́, mo tún un ṣe. Omi sùn sílẹ̀ bó ṣe yẹ. Àwọn mẹ́rin yẹn tún dìde bíi ti àkọ́kọ́. Mo ní ìdọ̀tí ti wà nínú ìgò wọn tẹ́lẹ̀, kí ló dé tí wọn ò fi ní dìde? Mo kọ "kò sí" síwájú orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mi ò tọ́ pupa kankan sára ògiri. Mo ya ojú ìwé ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ìwé iṣẹ́, kí ó lè dà bíi pé ẹ̀ẹ̀kan péré la ṣe é. Ìgò Tíṣà, mo jù ú sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì bílíìṣì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, kò sọ sí mi lọ́kàn. Mo lè gbà pé ẹ̀rọ ṣìṣe, mo lè gbà pé Ìyá Ìbejì fi ọmọ rẹ̀ búra èké. Pé nǹkan lè wà ní ọ̀fun ọmọ tèmi, mi ò gbà á rò. Ó ṣáà fò kọjá níwájú mi láàárọ̀ yẹn, ó ń fi báàgì rẹ̀ gbá ilẹ̀kùn, ara rẹ̀ yá gágá.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún lẹ́yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Ikọ́ gbígbẹ ni, kò mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kankan wá. Ó kọ́kọ́ dà bí ikọ́ ẹni tí omi há lọ́fun. Ó lọ sílé ìwé pẹ̀lú rẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Nígbà tí ara rẹ̀ gbóná, mo mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń gbàwòsàn lọ sílé, wọ́n fún un ní oògùn pínkì, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, bí wọ́n ṣe máa ń fún gbogbo ọmọ. Mo ṣe é gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ní ọjọ́ kẹta, ibà náà kò lọ. Ní ọjọ́ kẹrin, ọkọ mi kò rán aṣọ kankan parí. Tó bá ti gbọ́ tí ikọ́ yẹn bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá, á dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, á tẹ́tí títí yóò fi dáwọ́ dúró, á wá mí kanlẹ̀ bíi pé òun ló wúkọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ó jókòó ti ọmọ, ó mọ̀ọ́mọ̀ ní mẹ́fà lọ́nà méje jẹ́ ogójì. Tíṣà wò ó, ó sì tún pa ojú dé. Àwa méjèèjì wo ara wa. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù bà wá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún, ó sọ fún mi pé, "Màámi, èémí mi ò dé ìsàlẹ̀." Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń ṣàlàyé iṣẹ́ àmúrelé. Mo ṣí aṣọ lára rẹ̀, mo rí i tí awọ abẹ́ egungun ìhà rẹ̀ ń wọlé tó ń jáde. Mo ti rí i lára ọmọ ọlọ́mọ lọ́pọ̀ ìgbà. Mo gbé e pọ̀n lójú ẹsẹ̀, a kọrí sí ilé ìwòsàn.

Wọ́n dá a dúró sí wọ́ọ̀dù. Wọ́n há ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ìka rẹ̀, èyí tó ń sọ bí èémí ṣe tó lára ọmọ. Ọmọ tó lálàáfíà á máa ka mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún sókè. Tíṣà ka mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Wọ́n ya àwòrán àyà rẹ̀, apá òsì funfun bí ẹni da lẹ́búlẹ́bú sí i. Mo wá ń dúró de dókítà àgbà. Àwa tí a wà ní láàbù, Ahun là ń pè é lẹ́yìn, nítorí oògùn kejì, èyí tó ń pa Aláìlẹ́wù, ọwọ́ rẹ̀ ló wà, kì í sì í fún ọmọ kankan láìrí ìwé láàbù. Kì í ṣe ìwà ìkà. Ó ní wọ́n pín in bí omi níbi tí òun ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ títí kòkòrò náà fi mọ̀ ọ́n lójú, títí oògùn náà kò fi ṣiṣẹ́ lára ẹnikẹ́ni mọ́. Mo ti gbèjà rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí láìmọye ìgbà, nígbà tí kì í ṣe ọmọ tèmi.

Ó dé, ó gbọ́ àyà Tíṣà níwájú àti lẹ́yìn, ó bi mí pé ìgbà wo la máa rí àyẹ̀wò rẹ̀ ṣe. Mo sọ fún un pé èròjà ẹ̀rọ ti tán, pé ó di ọjọ́ mẹ́rin sí i kí tuntun tó dé. Ó mú mi lọ́wọ́, a jọ lọ sí láàbù, ó dúró síwájú ògiri. Apá Ilé Omi ni ilé wa wà, níbi tí wọ́n ti ń pọn omi ìlú. Ó fi ìka gbá a.

"Wò ó fúnra rẹ," ó ní. "Níbi gbogbo ni pupa wà, àfi ọ̀dọ̀ yín. Kò sí i níbẹ̀. Òtútù lásán ló mú ọmọ rẹ, irú èyí tí oògùn kì í pa. A máa fún un ní ọ́síjìn, a máa ṣọ́ ọ, á lọ fúnra rẹ̀."

Mo wo Apá Ilé Omi. Ó mọ́ tónítóní. Ibẹ̀ funfun bí ẹni fi bílíìṣì fọ̀ ọ́, bílíìṣì tí mo rò lọ́kàn yẹn ni gbogbo rẹ̀ fi yé mi. Dókítà ti jáde kí n tó lè ṣí ìwé ńlá. Mo wá ọjọ́ Mọ́ńdè yẹn, mo fi ìka tọ àwọn mẹ́rin tí mo kọ "kò sí" sí. Ọmọ ọdún mẹ́fà, méje, mẹ́jọ, mẹ́sàn-án. Apá Ilé Omi, Apá Ilé Omi, Apá Ilé Omi, Apá Ilé Omi. Mẹ́ta nínú wọn wà nílé ìwé Tíṣà. Mo ka ọjọ́ láti Mọ́ńdè yẹn dé ọjọ́ tó kọ́kọ́ wúkọ́, ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Kò sí ìdọ̀tí kankan. Ìbọ̀wọ́ Ìyá Ìbejì mọ́. Ẹ̀rọ ti sọ fún mi, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ yìí, pé ó ti wọ ilé mi, èmi ni mo ní kó pa ẹnu mọ́. Ògiri tí dókítà wá fi ń pinnu ọ̀rọ̀ ọmọ mi, ọwọ́ èmi ló bà á jẹ́.

Ẹ máa rò pé mo sáré lọ sọ ọ́. Mi ò sọ ọ́.

Mo padà sí wọ́ọ̀dù, mo jókòó. Mo ń rò ó pé wọ́n máa lé mi níbi iṣẹ́, ìyẹn tún kéré, wọ́n lè fà mí lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Mo ní bóyá òtútù lásán ni lóòótọ́. Mo ní kí n kọ́kọ́ gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Mo tọ dókítà lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo rọra bẹ̀ ẹ́ pé kó kàn fún un ní oògùn kejì, nítorí àìmọ̀. Ó fi ọwọ́ lé mi léjìká, ó ní òun mọ bó ṣe ń ṣe mí, òun náà bímọ, ṣùgbọ́n tí òun bá fún ọmọ òṣìṣẹ́ láìní ìdí, kí ni òun fẹ́ sọ fún àwọn ìyá yòókù. Ohun tó sọ tọ́. Èmi ni mo kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tuntun ní ọ̀rọ̀ yẹn.

Agogo mẹ́wàá, àádọ́rùn-ún. Agogo mọ́kànlá, àádọ́rùn-ún. Wọ́n fi ike ọ́síjìn sí i nímú, nọ́ńbà náà gòkè díẹ̀, ó tún wálẹ̀. Tíṣà kò sunkún, kò bèèrè nǹkan kan. Gbogbo agbára rẹ̀ ló fi ń mí, ó tẹjú mọ́ àjà bí ẹni tí wọ́n fún ní iṣẹ́ tó le. Ní agogo kan ọ̀sán ó ka méjìdínláàádọ́rùn-ún, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké, nọ́ọ̀sì sáré wá fi kún ọ́síjìn. Ètè ọmọ mi ti yí àwọ̀ padà. Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú lábẹ́ aṣọ, ó tutù.

Ọkọ mi dúró sí ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó ṣì wọ tẹ́ẹ̀pù ìwọnṣọ rẹ̀ sọ́rùn; ó ti gbàgbé láti bọ́ ọ láti àárọ̀. Kì í ṣe ẹni tó máa ń gbé ohùn sókè, kò sì gbé e sókè nígbà náà.

"Ìyá Tíṣà," ó ní, "ibí yìí lo ti ń ṣiṣẹ́. Àwa ò mọ nǹkan kan. Ṣé kò sí nǹkan tí o mọ̀ tí o lè sọ fún wọn ni?"

Kò mọ ohun tó ń bi mí. Mo dìde, mo gba àárín wọ́ọ̀dù kọjá, mi ò mọ ìgbà tí mo dé ọ́fíìsì dókítà. Ó ń jẹun ọ̀sán. Mo kúnlẹ̀.

"Ògiri yẹn kì í ṣe òótọ́, mà," mo ní. "Ọmọ mẹ́rin wà ní Apá Ilé Omi. Mo rí wọn, mo kọ pé kò sí. Ọmọ mi ni ọ̀fun mímọ́ lọ́jọ́ yẹn, ìlà rẹ̀ dìde, mo ní ìdọ̀tí ni. Mo ya ojú ìwé náà. Mo jù ú nù."

Kò bú mi. Ó yẹ kó bú mi. Ó gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀, ó pe wọ́ọ̀dù lórí fóònù, ó ní kí wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù òun, kí wọ́n fún Tíṣà ní oògùn kejì lójú ẹsẹ̀, ó sọ iye rẹ̀ fún wọn, ó ní kí wọ́n tún un sọ fún òun. Lẹ́yìn náà ó ní kí n dìde, a lọ sí láàbù. Ó mú bírò pupa látorí tábìlì, ó nà án sí mi. Mo tọ́ ọ sí Apá Ilé Omi, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, títí ó fi pé márùn-ún.

"Ti ọmọ tìrẹ nìyẹn," dókítà ní. "Àwọn mẹ́rin yòókù ńkọ́?"

Láti àárọ̀ tí mo ti ń ka orúkọ wọn, tí mo ń ka ọjọ́ orí wọn, mi ò tíì rò ó rí pé ọmọ ni wọ́n. Ẹ̀rí ni mo kà wọ́n sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ti gbé wọn lọ sílé pẹ̀lú oògùn pínkì àti ìwé tó ní kò sí nǹkan.

Dókítà ní kí wọ́n pe Ìyá Ìbejì wá láti yàrá ẹ̀yìn. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un níwájú mi, kò yọ ìkankan sílẹ̀. Ìyá Ìbejì gbọ́ ọ tán, kò wò mí. Mo bẹ̀ ẹ́, mo lo gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ tí mo mọ̀. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀ tó ti ń bó nítorí ọṣẹ ìfọgò, ó nu ún, ó fa ìbọ̀wọ́ tuntun yọ nínú páálí, ó wọ̀ ọ́ níkọ̀ọ̀kan níwájú mi.

"Ṣé o rí i pé mo pààrọ̀ rẹ̀?" ó bi mí. Mo ní mo rí i. Ó wá jókòó, ó ṣí ìwé ńlá, ó ń ka nọ́ńbà fóònù fún mi.

Bàbá ọmọ àkọ́kọ́ ló gbé e. Ọmọ ti yá, ó ní ikọ́ náà lọ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ṣé kò sí láburú? Ìkejì, wọ́n ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn, wọ́n ti fún un ní oògùn tó yẹ, ìyá rẹ̀ ṣépè fún wa dáadáa, mo sì gbà á. Ìkẹta ṣì ń wúkọ́ ṣùgbọ́n ó ń jẹun, wọ́n gbé e dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìkẹrin ni ọmọbìnrin alágbàfọ̀ kan, ọmọ ọdún mẹ́fà, òun ló kéré jù nínú wọn. Nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ. A pè é títí, kò lọ. Àdírẹ́sì tó wà níbẹ̀ kò ju Apá Ilé Omi lọ, ọwọ́ mi ló sì kọ ọ́ ṣákálá bẹ́ẹ̀.

Gbogbo ọjọ́ kejì, ọ̀nà méjì ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Màá wo ìka Tíṣà, màá sáré lọ sí láàbù, Ìyá Ìbejì á mi orí, màá tún sáré padà. Mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún. Àádọ́rùn-ún. Mi ò gbà á gbọ́, mo ní kí nọ́ọ̀sì pààrọ̀ ìka. Ọkọ mi ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu mi nígbà náà. Ó bọ́ tẹ́ẹ̀pù ọrùn rẹ̀, ó ká a mọ́ ọwọ́, ó tú u, ó tún ká a. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohun tó sọ ni pé kí n lọ jẹun.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, òógùn bo ọmọ mi láti orí dé ẹsẹ̀. Ibà náà já. Ó ka mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún láìsí ike nímú. Ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun, ó mu ife omi méjì tán, ó sì sùn lọ, oorun gidi, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò láìfi ipá ṣe é. Ọkọ mi jáde lọ síta, mo gbọ́ tó ń sunkún lẹ́yìn fèrèsé. Èmi ò tíì lè sunkún. Mo lọ sí láàbù.

Ìyá Ìbejì ti na fóònù sí mi kí n tó wọlé tán. "Ó ti lọ," ó ní. "Ó ń dún."

Obìnrin kan gbé e. Mo ní láti ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ni mo ti ń pè. Mo tẹ́tí, mo gbọ́ omi tó ń dà sínú ọpọ́n ìfọṣọ, lẹ́yìn náà mo gbọ́ ikọ́ lẹ́yìn rẹ̀, gbígbẹ, ẹ̀ẹ̀mẹta, àti ọmọ kan tó ń fa èémí wọlé kó tó tún wúkọ́. Mo jókòó sílẹ̀ láàbù. Ó ṣì ń wúkọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò gbọ́ ohùn tó dùn mọ́ mi bẹ́ẹ̀ rí. Mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó gbé e wá lójú ẹsẹ̀, pé ó ní àrùn kan lára, pé oògùn rẹ̀ wà.

Ohùn rẹ̀ kò le, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni.

"Ẹ̀yin lẹ ní kò sí," ó ní. "Ìwé yín wà lọ́wọ́ mi níbí. Tó bá ní òun ò lè mí dáadáa, màá ní irọ́ ló ń pa, pé kò fẹ́ lọ sílé ìwé. Láàárọ̀ àná, mo nà án. Mo nà án torí ẹ ní kò sí. Ta ló kọ ọ́?"

Ìyá Ìbejì ń wò mí. Dókítà ti dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Èmi ni, mà," mo ní. "Èmi ni mo kọ ọ́. Ẹ dákun, ẹ gbé e wá."